Ìwé tí kò mọ̀ pé mo níṣòro

Ọdún tí rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi, ìsọ̀ àdìrẹ mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ni mo máa ń wà lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá gbé kúlà oúnjẹ, ó di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn nílé ìwòsàn. Oorun sá fún mi. Àwọn tó ń wá kí wa sì ń kó ìwé wá: ìwé àdúrà ọ̀gànjọ́ òru, ìwé bí èèyàn ṣe ń borí ìṣòro. Mo kà wọ́n o. Kí n má parọ́, ṣe ni àyà mi túbọ̀ ń já. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé baba ẹni ló burú jù. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi lè wo ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń san owó oògùn.

Ìwé tí ọmọ mi gbàgbé sínú báàgì mi ló yọ mí: Aké, èyí tí Wọlé Ṣóyínká fi sọ ìtàn ìgbà èwe wọn, tó jáde ní 1981. Ibi tí mo ṣí ni ibi tí ọmọdé náà ti tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá afunfèrè láti Aké títí dé Ìbarà, láìdágbére fún ẹnì kankan. Ọ̀nà tí mò ń fẹsẹ̀ rìn nígbà tí mi ò bá lówó ọ̀kadà! Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, nọ́ọ̀sì bojú wò mí.

Látìgbà yẹn ni mo ti mọ irú èyí tí mò ń wá: ìwé tí kò mọ̀ pé mo níṣòro, tí kò sì ní gbà mí nímọ̀ràn kankan. Kó jẹ́ ibi tí mo mọ̀, tàbí ìwé tí mo ti kà rí, tí ẹ̀rù ohun tó wà lójú ewé kejì ò ní bà mí. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, táwọn náà jẹ́ ọmọ Ìbarà, mo ṣì ń kà á pẹ̀lú àgbà mi yìí; ìgbà tí mò ń pàárọ̀ eyín ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Iwin àti ànjọ̀nú inú ìwé Fágúnwà náà dáa, wọn kì í kọ bíìlì fúnni. Orí fóònù ni mi kì í kàwé lásìkò bẹ́ẹ̀. Ìpè kan péré, ó tán.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹni tẹ́ ẹ lè kà á sí létí, ó tún sàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Aké, nítorí náà mò ń sọ ọ́ di Ẹ̀gbá fún màmá bó ṣe ń wá sí mi lẹ́nu. (Ìgbà tí iṣẹ́ ti tán ni mo gbọ́ pé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti tú u sí Yorùbá tipẹ́.) Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, a dé ibi tí ọmọ ti bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìbarà. Ó ti rẹ̀ mí, mo bá pa ìwé dé. Màmá gbé ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè.

"Ṣé... wọ́n nà án?"

Láti ọjọ́ tá a ti gbé wọn débẹ̀, wọn ò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ó dọ̀la, màmá."

Wọ́n fi ìdajì ẹnu tó ṣẹ́ kù pòṣé sí mi.