Ẹ̀yin àbúrò mi, ìpíndọ́gba kọ́ ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì

Oṣù yìí ló pé ọdún 22 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yíyẹ ètò ìfẹ̀yìntì àwọn orílẹ̀-èdè wò. N kò ní í lọ́kàn láti kọ ohunkóhun, àfi ìgbà tí mo rí àtẹ tí méjì nínú yín gbé síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú àtẹ náà: ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ni ọdún 25, ó dá owó lóṣooṣù láìpa oṣù kan jẹ, ó fẹ̀yìn tì lẹ́ni ọdún 65. Mo mọ òṣìṣẹ́ yẹn dáadáa. Èmi náà ti gbára lé e rí, ìyà rẹ̀ sì jẹ àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí, n kò ní tún un kà fún yín. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní: kí ẹ tó yin ètò tuntun, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa san owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀. Nínú ètò àtijọ́, owó tí òṣìṣẹ́ òní ń dá ni wọ́n fi ń san ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Bí owó òṣìṣẹ́ òní bá wá ń wọ àkáǹtì tirẹ̀ nínú ètò tuntun, ìjọba gbọ́dọ̀ wá ti àwọn àgbà láti ibòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá há, àkáǹtì yẹn ni ojú ìjọba máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Argentina dá irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1994, ìjọba sì gbà á padà ní 2008. Poland bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ní 2014, ó kó ohun tó ju ìdajì owó náà lọ padà sínú ètò ìjọba. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ka orílẹ̀-èdè 30 tó gbé ètò ìfẹ̀yìntì wọn fún aládàáni, lódindi tàbí lápá kan, láàárín 1981 sí 2014. Nígbà tó fi di 2018, 18 nínú wọn ti padà lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì: ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wúwo ju ọdún ìparí lọ. Bí ènìyàn bá dá owó fún ọdún 40, tí èrè rẹ̀ sì ń fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ju bí owó oṣù ṣe ń lé sí lọ, ọdún 10 àkọ́kọ́ nìkan ló máa bí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó náà. Obìnrin tó fi ọdún wọ̀nyẹn tọ́mọ, ẹ má kọ ọ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìpíndọ́gba, ìyẹn àròpọ̀ gbogbo iye tí a pín sí iye ènìyàn.

Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́ ni orílẹ̀-èdè kan ní ká bá òun yẹ òfin ìfẹ̀yìntì òun wò, torí àpò ètò náà ń gbẹ. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ẹni tó bá ti dá owó fún ọdún 10 lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì tó kéré jù. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọdún 20. Èmi ni wọ́n ní kí n wò ó bóyá yóò ni aráàlú lára. Mo ṣírò iye ọdún tí àwọn tó ń fẹ̀yìn tì ti dá owó, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì ga ju 20 lọ dáadáa. Mo kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ kò ní fara gbá. Inú ọ̀gá mi dùn, ó ní ohun tí mínísítà ń retí nìyẹn.

Bàbá kan wà níbi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Kì í ṣe oníṣirò, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń to fáìlì. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, wá wo bí wọ́n ṣe jókòó." Ó ti to orúkọ bí ọdún ṣe pọ̀ sí. Òkìtì kan wà lókè, àwọn tí kò fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ rí. Òkìtì kejì wà nísàlẹ̀, àwọn tó ń bọ́ síṣẹ́ tí wọ́n tún ń bọ́ kúrò. Àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ fi ènìyàn 10 ṣe é wò: kí 6 dá owó fún ọdún 36, kí 4 dá a fún ọdún 11. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 26, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní 26 nínú wọn. Ẹ fi ààlà sí 20, 4 ti bọ́ sílẹ̀.

Mo rí i, ó sì yé mi. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ Ajé la ó gbé ìjábọ̀ sílẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi lórí rẹ̀, ó ní kí n fi sí àfikún ẹ̀yìn ìwé. Mo fi síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, n kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí i kí ọdún tó parí.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n rán mi padà lọ wo bí òfin náà ṣe ń ṣe sí. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, obìnrin kan jókòó tì mí. Ọdún 17 àti oṣù 4 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń ṣiṣẹ́. Ibi àkọ́kọ́ ń yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀, wọn kò fi ránṣẹ́. Ibi kejì kógbá wọlé. Ibi kẹta kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Wọ́n ní kó gba ìwọ̀nba tó dá padà, láìsí èrè, láìka bí ọjà ṣe ti gbówó lórí sí. Kò mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ó bi mí pé, "Ta ló tiẹ̀ ní kó jẹ́ ogún?" N kò lè lanu.

Nígbà tí a pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀gá mi ní àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe ìṣirò kò kìlọ̀ fún òun. Gbogbo ojú yí sí mi. Ìwé tí mo kọ sí i lọ́jọ́bọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. N kò mú un jáde, ó sì ń dùn mí. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lára ìjábọ̀ nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ tèmi ló kọ ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ohun tó burú jù ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Chile tẹ́lẹ̀, ọdún 20 ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi dá owó kí ìjọba tó fi owó tó kéré jù dá a lójú. Ọ̀pọ̀ kò dé ibẹ̀, pàápàá àwọn obìnrin. Ní 2008, nígbà ìjọba Ààrẹ Michelle Bachelet, òfin tuntun ní kí arúgbó tálákà máa gba owó bí kò tilẹ̀ dá kọ́bọ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ méjì tó kù lè dúró. Ẹ kó òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn kúrò nínú àtẹ yín. Ẹ to orúkọ láti ẹni tó dá owó oṣù kan dé ẹni tó dá ti oṣù 480. Ẹ ya obìnrin sọ́tọ̀, ẹ ya alágbàṣe sọ́tọ̀, ẹ ya àwọn tí agbanisíṣẹ́ yọ owó wọn tí kò fi ránṣẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ ka iye àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n kan ààlà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìdí tí ààlà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ògiri, nígbà tó lè jẹ́ àtẹ̀gùn: kí ẹni tó dá ọdún 17 gba ìdá 17 nínú 20.

Èyí ni mo dá lábàá lẹ́yìn ìrìn àjò kejì yẹn. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n fún àwọn tí kò tíì gba owó wọn padà nìkan. Obìnrin yẹn ti bu ọwọ́ lu ìwé tirẹ̀ kó tó kúrò ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí mo rí i.