Kíkọ́ ẹyẹlé láti padà sílé

Ohun tí ó wù mí jù nínú sísin ẹyẹlé ni pé ìfẹ́ ilé ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ń sìn ín kò ju kí ó mú un mọ ilé náà dájú lọ. Ẹyin rẹ̀ máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 18, bí ọmọ bá sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni a ti ń fi òrùka tó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀: a ó kó ìka mẹ́ta iwájú pọ̀, a ó ti òrùka náà kọjá lórí wọn, a ó sì fa ìka ẹ̀yìn yọ jẹ́jẹ́. Bí a bá jáfara, ẹsẹ̀ á ti tóbi jù.

Kí ẹyẹ kékeré tó fò, ó yẹ kí ó ti máa wo àyíká láti inú àgò. Ebi díẹ̀ dára fún ẹ̀kọ́ yìí: a máa ń tú u sílẹ̀ kí ó tó jẹun, a ó sì máa súfèé nígbà tí a bá ń da ọkà, kí ó lè mọ ìró náà mọ́ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sí kìlómítà díẹ̀, tí a ó sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Oòrùn àti agbára òòfà ilẹ̀ ayé wà lára ohun tó fi ń mọ ọ̀nà, nítorí náà n kì í fara mọ́ àwọn tó ń tú ẹyẹ tí kò tíì dàgbà sílẹ̀ nínú kùrukùru, bẹ́ẹ̀ ni àwòdì kan ṣoṣo sì tó láti tú gbogbo wọn ká.