Ọ̀pá ìpẹja kan tó lè ju ìdẹ ńláńlá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pẹja báàsì ní Lake Fork ní Texas, níbi tí wọ́n ti mú èyí tó wọn páùn 18.18 lọ́dún 1992, ẹ mọ̀ pé ẹja ńlá fẹ́ràn oúnjẹ tó kún ẹnu. Tó bá jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà fún ìdẹ ńlá, ẹ ra èyí tó gùn tó fíìtì 8, tí wọ́n kọ áúnsì 2 sí 6 sí lára, ìyẹn bí ìdẹ tó lè jù ṣe wúwo tó. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò o, torí ọ̀pá tí ilé iṣẹ́ kan kọ "heavy" (tó le) sí lára ò jọ ti èkejì rárá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí orí ẹ̀ máa tẹ̀ díẹ̀ kí ìdí ẹ̀ sì le, torí báàsì á fò sókè á máa mirí, ìdẹ tó wúwo yẹn ló sì máa fi já ìwọ̀ kúrò lẹ́nu, àmọ́ tí orí ọ̀pá bá ń tẹ̀ tẹ̀ lé e, okùn ò ní dẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ máa dì mú náà, kó gùn, ọwọ́ méjèèjì la fi ń jù ú. Fún okùn, braid (okùn tí wọ́n hun) tó lè gba páùn 65 ti tó.