Omi tí ó kọ̀ láti jáde nínú ara ẹranko

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ronú lórí ìdí tí omi fi máa ń dúró sára ẹranko tí họ́mónù tàírọ́ìdì rẹ̀ kò tó. Tàírọ́ìdì ni ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà níwájú ọ̀fun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ àfi ìgbà tí ó bá wú di gẹ̀gẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì mọ sí ọrùn.

Eku ni àwọn olùwádìí sábà máa ń lò: wọ́n á yọ tàírọ́ìdì rẹ̀, tàbí kí wọ́n po oògùn propylthiouracil mọ́ omi mímu rẹ̀, kí ẹ̀yà náà má lè ṣe họ́mónù mọ́. Bí ọjọ́ ti ń lọ, agbára ọkàn eku náà á dín kù, ẹ̀jẹ̀ tí ń dé inú kíndìnrín á sì kéré. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù, lójú tèmi, ni ti vasopressin, họ́mónù tí ọpọlọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti pàṣẹ fún kíndìnrín pé kí ó dá omi padà sára.

Bí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bá ti dín kù nítorí pé omi pọ̀ jù, ó yẹ kí àṣẹ yẹn dákẹ́. Nínú eku tí àìtó tàírọ́ìdì rẹ̀ ti le gan-an, kì í dákẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ti kéré, ara sì kà á sí pé omi ni kò tó. Nítorí náà ni àwọn ọ̀nà omi tí à ń pè ní aquaporin-2 ṣe ń pọ̀ sí i nínú kíndìnrín, tí omi sì ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ tí kò nílò rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí n gba àlàyé yìí ni pé, nígbà tí wọ́n fi oògùn dí ibi tí vasopressin ti ń ṣiṣẹ́ nínú kíndìnrín irú eku bẹ́ẹ̀, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń gbà ṣẹlẹ̀. Kí àìtó náà tó le tó bẹ́ẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí: ìtọ̀ eku náà kò ki tó bí ó ti yẹ, ó sì pọ̀. Renin àti aldosterone, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá iyọ̀ dúró, náà a máa lọ sílẹ̀.