Kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ojú tí èéfín ń gbà jáde

Suzuki AX100 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń gùn lọ sí oko kòkó wa lọ́nà Ìfẹ́tẹ̀dó. Ọ̀kadà kékeré ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 100 cc, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù tí kò tíì gbé rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti oko dé, mo ní kí n yà kí àǹtí mi ní Òkè Ìtasẹ̀. Ọ̀kadà kò gun òkè. Mo fi í sí jíà kìíní, mo lọ́ ọwọ́ rẹ̀ débi tó lè dé, ohùn rẹ̀ kàn ń bò mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tí imú rẹ̀ dí. Èéfín bo ojú ọ̀nà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tì í dé ilé àǹtí mi.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò ti fẹ́ sáré mọ́, tí epo tó máa ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ kò tó àlọ nìkan. Ọ̀rá dúdú ń kán lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ó ń ta sí aṣọ ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn. Mo ń rí i, mo sì ń fi àkísà nù ún.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní ríìngì ti jẹ, pé a ó gbẹ́ sìlíńdà, a ó ra písítìnì tuntun. Owó tó pè kò sí lọ́wọ́ mi. Àìlówó yẹn ló kó mi yọ, torí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bàbá kan wà ní Sábó tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo débẹ̀, kò fọwọ́ kan sípánà. Ó ní kí n tan án, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà, ó ní kí èmi náà na tèmi. Atẹ́gùn tó ń bọ̀ níbẹ̀ kò ju èémí ọmọdé tó ń sùn lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n pa á, ó dẹ àwọn nọ́ọ̀tù tó so páìpù mọ́ sìlíńdà díẹ̀, ó ní kí n tún un tan. Ariwo gba gbogbo àdúgbò, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti ń kú lọ yẹn jí, ó ń dáhùn bí mo bá ti lọ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ibi tó ń gbà mí lo dí mọ́ ọn. Ọ́ìlì wo lo ń pò fún un?”

“Ọ́ìlì ọkọ̀ ni, bàbá. Ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.”

Ó wò mí, ó mi orí.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi rèé. Irú ẹ́ńjìnnì two-stroke yìí ń jó ọ́ìlì mọ́ epo ni. Ọ́ìlì náà yóò kọ́kọ́ fi ọ̀rá pa inú ẹ́ńjìnnì, yóò wá bá epo jóná, èéfín rẹ̀ yóò sì gba ihò kan lára sìlíńdà bọ́ sínú páìpù. Èyí tí kò bá jóná tán yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀nà, yóò gbẹ, yóò di èédú, èédú yóò sì máa gorí èédú. Ẹ rántí ilé ìdáná àwọn ìyá wa tí kò ní fèrèsé: bí èéfín kò bá rí ọ̀nà jáde, iná ààrò kò ní jó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni, epo tuntun kò lè ráyè wọ sìlíńdà nígbà tí èéfín ti àtijọ́ ṣì kún ibẹ̀.

A tú sàlẹ́ńsà kúrò. Sikurú kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a ti tú u, a fa ọ̀pá oníhò tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ká sọ pé ó jáde wẹ́rẹ́, irọ́ ni. A ta epo sí i, a fi hámà kàn án jẹ́jẹ́, ó gbà wá ní nǹkan bíi wákàtí kan. Nígbà tó máa jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, mélòó kan péré ló sì ṣí nínú àwọn ihò rẹ̀. Bàbá gbé ọ̀pá náà sórí ẹyín iná ní ìta gbangba, a kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn torí èéfín rẹ̀ kò dára fún ènìyàn. Nígbà tó pọ́n tó sì tutù, èédú náà ń já bọ́ bí èèpo. Búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà àti ìṣó ló parí ìyókù.

Páìpù gan-an kò ṣeé gbé síná, àwọ̀ dídán ara rẹ̀ yóò bàjẹ́. Bàbá ní kí n lọ ra kọ́síìkì sódà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà á, torí àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi títí di òní. Mo da kọ́síìkì sínú garawa, mo wá da omi lé e. Ó hó, ó ta sókè, ó jó mi ní ọrùn ọwọ́. Aládùúgbò wa gbé epo pupa wá kí n fi pa á. Ìyàwó mi kọ̀, ó fi ọwọ́ mi sábẹ́ omi ẹ̀rọ, kò jẹ́ kí n gbé e kúrò fún ogún ìṣẹ́jú. Òun ló tọ́.

Omi tútù ni ẹ ó kọ́kọ́ bù, bíi lítà 5, sínú garawa oníke. Ẹ wá máa da kọ́síìkì sínú omi náà díẹ̀díẹ̀, ìdajì kílò tó, ẹ máa fi igi rò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi awò bo ojú, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ fi igi àti rọ́bà dí ẹnu páìpù tó ń wọ sìlíńdà, ẹ gbé e dúró, ẹ rọ omi náà sí i láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn náà sílẹ̀ gbayawu di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kó kan ohunkóhun tó jẹ́ alumíníọ̀mù, yálà abọ́ tàbí ara ẹ́ńjìnnì, torí yóò jẹ ẹ́ ni. Ọ̀dà ara páìpù náà yóò bó bí ó bá kàn án. Èyí tí mo dà nù jáde dúdú bí omi aró. Mo fi omi ṣan án títí tó fi mọ́.

Kó tó di pé a dá a padà, bàbá rọra tẹ kíìkì títí písítìnì fi gòkè tó bo ihò inú sìlíńdà, kí èédú má baà já sínú. Ó fi pẹlẹbẹ ọparun ha ẹnu ihò náà. Ẹ má fi irin ha á. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì tuntun la sì lò láàárín páìpù àti sìlíńdà.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń yọ ọ̀pá inú yẹn dànù kí ọ̀kadà wọn lè máa ké. Ó dùn mí tí mo bá rí i. Sàlẹ́ńsà two-stroke kì í ṣe fún ariwo nìkan, ó ń dá díẹ̀ padà lára epo tó fẹ́ bá èéfín sá jáde.

Ní ti ọ́ìlì, pọ́ǹpù tó máa ń fa ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti kúrò lára ọ̀kadà náà kó tó kàn mí, inú táǹkì epo la ti ń pò ó. Bàbá Sábó ní 200 ml ọ́ìlì 2T, ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún two-stroke, sí epo lítà 5. Mo lọ wọn èyí tí mo ń dà tẹ́lẹ̀, ó ń sún mọ́ 400! Ọ́ìlì ọkọ̀ sì ni, èyí tí wọn kò ṣe fún jíjó. Ìgò oògùn ikọ́ ọmọ mi tó gba 100 ml ni mo fi ń wọ̀n ọ́n báyìí, ìgò méjì géérégé. N kò sì dín in kù, torí bí ọ́ìlì bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò nọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mo tún fa ọ̀pá náà jáde. Èédú tó wà lára rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó gbẹ, èékánná lásán ló ha á kúrò.

Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, tí ẹ sì ti ń wọn ọ́ìlì, tí èéfín rẹ̀ ṣì ń bo ọ̀nà, ẹ wo ọ́ìlì jíà. Bó bá ń dínkù láìkán sílẹ̀, síìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jíà wọ ibi tí epo ń gbà, ló ti jẹ, ọ́ìlì jíà náà ló ń jóná. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ àǹtí mi ń ṣe báyìí; lọ́la la ó tú u.