Ẹ gbọ́ orin kí ẹ tó gbọ́ orúkọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí wíwá olórin tuntun l'Ékìtì

Ní alẹ́ ọjọ́ kan l'Ọ́yẹ́-Èkìtì, mo ń kó wáyà mi jọ lẹ́yìn òde kan nígbà tí ọmọkùnrin kan wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ orin yìí." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ojú fóònù náà ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bóyá ni mo gbọ́ orin ọ̀hún tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń hó lábẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì ń pe ilé ní "ulé" bí àwọn ìyá wa ṣe ń pè é. Mo ní kó lọ tún un ṣe ní sítúdíò gidi, kó sì fi Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ kọ ọ́. Ìmọ̀ràn rere ni mo rò pé mo fún un. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Kó tó di pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdánwò tán, orin yẹn ti gba gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì kan, tòun ti jẹnẹrétọ̀, tòun ti "ulé". Wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀ láti lu orin fún wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n ti ìpínlẹ̀ míì wá, tí wọn ò gbọ́ èdè Èkìtì rárá, ń pariwo "ulé" bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Èmi tí wọ́n bí l'Ékìtì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni láti wá orin tuntun, èmi ni mo ti lé e lọ.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sídìí iṣẹ́ DJ àti ètò orin lórí rédíò, nítorí ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí sí yín. Ó ti lé lọ́dún méjìlá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì sí ohun tó kọ́ mi tó o. Mo jókòó, mo bi ara mi léèrè ohun tí mo gbọ́ gan-an. Fóònù tó sán ni mo gbọ́. Bàtà ọmọ náà ni mo gbọ́. Mo gbọ́ pé kò lórúkọ. Bí ó bá jẹ́ pé olórin ńlá kan láti Èkó ló fi "ulé" sínú orin rẹ̀, tó sì jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa hó lábẹ́ ẹ̀, màá sọ fún àwọn olùgbọ́ mi pé ọgbọ́n tuntun ló dá.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé inú ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ àwo Elémùrè Ògúnyẹmí ni mo dàgbà sí. Èdè Èkìtì ponbele ni bàbá yẹn fi kọrin, àwọn òbí wa sì jó o. Ìgbà wo wá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èdè ilé wa kò ṣeé jó lójú agbo?

Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí n rí orúkọ kí n tó gbọ́ orin. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló máa ń bá mi gba gbogbo orin tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, á sọ wọ́n ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, á kó wọn sínú fóònù mi. Nọ́ńbà ni mo máa ń gbọ́. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ nǹkan sí: ibi tí ara mi ti mì, ibi tí mo ti fẹ́ pa á, àti ọ̀rọ̀ tó ṣì wà lẹ́nu mi lẹ́yìn tí orin ti parí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Ẹ pa orin náà, ẹ lọ fọ abọ́ tàbí kí ẹ lọ pọnmi. Bí ẹ bá bá ara yín níbi tí ẹ ti ń hùn ún, nǹkan wà níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń gbọ́ orin kan kí n tó dá a lẹ́jọ́. Àkọ́kọ́, láti ẹnu fóònù lásán, torí bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí a ń lu orin fún ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú earpiece, kí n lè gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nínú kẹ̀kẹ́, láti Ọjà Ọba dé Adébáyọ̀ l'Ádó-Èkìtì. Màá bẹ onímọ́tò kó jẹ́ kí n fi sí sípíkà rẹ̀. Orin tó bá lè borí ariwo ẹ́ńjìnnì, tó sì mú kí ọ̀gbẹ́ni náà máa fi ìka lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, n kì í fi irú rẹ̀ ṣeré. Ọ̀kan nínú wọn bi mí rí pé, "Àǹtí, ta ló kọ èyí?" Mo ní n kò tíì mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ fún un, nọ́ńbà meje ni orúkọ orin náà lọ́wọ́ mi.

Ohun míì tó pẹ́ kí n tó mọ̀: ẹ máa wo ẹni tó ṣe bíìtì, ìyẹn ìlù àti ohùn tí olórin ń kọrin lé lórí. Gbogbo èèyàn ló ń tẹ̀ lé ẹni tó kọrin, àmọ́ ẹni tó ṣe bíìtì ló sábà máa ń mú yín dé ọ̀dọ̀ olórin tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Nígbà tí àwo Asake àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2022 tí gbogbo ìlú gbóná, Magicsticks ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bíìtì inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá iṣẹ́ ọwọ́ Magicsticks kiri ṣáájú ìgbà náà ti ń gbọ́ oúnjẹ náà lórí iná kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Pheelz náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe bíìtì fún Olamide, lọ́dún 2022 ló wá gba ìta pẹ̀lú orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, àwọn kan sì ń pè é ní ọmọ tuntun! Ní Adó níbí, ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ta ló ń bá wọn ṣe bíìtì. Ẹ máa rí i pé ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá kan, tó ní kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ló wà lẹ́yìn orin mẹ́fà tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ lọ jókòó tì í.

Ẹ má sì fojú kéré irú yàrá bẹ́ẹ̀. Àmàpíánò, irú orin ijó kan tó ń mi gbogbo Áfíríkà lónìí, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ó ti jáde ní agbègbè Gauteng ní Gúúsù Áfíríkà. Ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní log drum, tó ń dún bí ẹni ń lu igi tó ní ihò nínú, ohùn kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ nínú FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ yí lọ́wọ́ padà títí tó fi di tiwọn. Wọn kò dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ní ti ijó, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Orin tó dùn nínú earpiece lè pa òde yín. Orin tuntun kò ní ọ̀rẹ́ lójú agbo. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ fún un. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń ka iye ìgbà tí ìlù lù nínú ìṣẹ́jú kan. Àmàpíánò sábà máa ń wà láàárín 110 sí 115, orin house tó ti Chicago bẹ̀rẹ̀ sì sábà máa ń lé ní 120. Bí orin ọmọ tuntun bá jẹ́ 112, n kì í gbé e lẹ́yìn orin tó jẹ́ 96, torí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn á dàrú. Màá wá orin méjì tí gbogbo wọn mọ̀, tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 112 náà, màá fi tuntun sí àárín wọn. Tí ègbè orin àkọ́kọ́ bá ti ń lọ sópin, màá rọra gbé ìlù tuntun wọlé nísàlẹ̀ láìtíì jẹ́ kí ohùn jáde. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti ń jó o.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa wò nígbà náà, ẹ má wojú. Níbi ìgbéyàwó kan n'Íkẹ́rẹ́, mo gbé orin ọmọbìnrin kan tí kò tíì ní ju igba èèyàn tó ti gbọ́ ọ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wo ara wọn, ojú wọn ń béèrè pé orin wo nìyí. Àmọ́ bàtà wọn kò dúró. Ọmọdé kan tó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ dúró ní àárín àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì ìdí. Obìnrin tó ń pín mọ́ínmọ́ín gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì olówó orí, ó jó títí ègbè fi yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé àtẹ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun fún mi mọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni mo gbé e sórí afẹ́fẹ́.

Àwọn kan nínú yín máa ń sọ fún mi pé fóònù ń bá àwọn wá orin tuntun, kí ló dé tí àwọn á fi máa dààmú. Àbúrò, ohun tó jọ èyí tí o gbọ́ lánàá ni fóònù yẹn ń gbé fún ọ. Etí olétí kò lè dà bí etí ẹni. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, CD tí wọ́n kó wá láti ọjà Alábá l'Ékòó ni a ń dúró dè, ohun tí DJ ibẹ̀ bá yàn ni a máa gbọ́. Lónìí, àwọn ibi tí a ti ń gbọ́ orin lórí fóònù, bíi Boomplay, Audiomack àti Spotify tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2021, wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má kàn dúró sójú ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ ẹni tó ràn olórin lọ́wọ́ nínú orin kan, ẹ tẹ orúkọ náà, ẹ wo ohun tí òun nìkan ti ṣe, kí ẹ sì lọ sí èyí tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Wákàtí kan báyìí lójoojúmọ́ ju gbogbo òru ọjọ́ kan lọ, nítorí etí a máa rẹ̀, etí tó bá sì ti rẹ̀ kò mọ dídùn mọ́.

Ẹ má sì ju orin nù torí pé ó ti pẹ́. Ọdún 2019 ni CKay gbé orin rẹ̀, Love Nwantiti, jáde. Ọdún 2021 ni TikTok tó gbé e káàkiri ayé. Ó ju ọdún kan lọ tí orin kan náà fi wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ìbá ti gbé e. Látàrí èyí, mo ń padà sínú ìwé kékeré mi ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, mo ń tún èyí tí mo ti kọ̀ gbọ́. Mo ti rí mẹ́rin gbà padà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Ọkùnrin kan tó ń ṣe agbátẹrù olórin kan gbé àpòòwé wá fún mi lọ́dún kan. Owó ilé ti gùn mí lẹ́yìn, mo gbà á. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni mo fi gbé orin náà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá kan tó máa ń pè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pè, ó ní, "Ọmọ mi, orin tí o kọ́kọ́ gbé yẹn, ṣé ó wù ẹ́? O kàn gbé e ni, o ò bá wa sọ nǹkan kan lórí ẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe." N kò rí èsì fọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ìpolówó sí i. Mo dá ohun tó kù nínú owó náà padà, mo fi owó oṣù mi dí ìyókù. Àmọ́ ó tó oṣù kan kí n tó lè gbọ́ orin tuntun láìronú nípa ẹni tó lè sanwó nínú wọn. Ohun tí owó yẹn bà jẹ́ lára mi nìyẹn, etí mi.

Ní ti àwọn ọmọ olórin fúnra wọn, ẹ dá wọn lóhùn. Bí ẹ kò bá fẹ́ orin náà, ẹ sọ ibi tí ó ti já yín kulẹ̀. Ẹ pe orúkọ wọn bó ṣe yẹ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá orin wọn ti ní ISRC, nọ́ńbà àti lẹ́tà 12 tí a fi ń dá orin kọ̀ọ̀kan mọ̀, torí láìsí i, ìgbà tí orin bá lọ jìnnà, owó rẹ̀ lè má mọ̀nà ilé. Kí wọ́n sì kọ ìpín ẹni tó ṣe bíìtì sílẹ̀ kí orin tó jáde. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí kò kí ara wọn mọ́ torí èyí.

Mo wá ọmọkùnrin Ọ̀yẹ́ yẹn lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú òun kò bàjẹ́, pé òun ti lọ sí sítúdíò bí mo ṣe wí, ṣùgbọ́n pé nígbà tí wọ́n nu ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò, orin náà kú, ni òun bá dá a padà. Ó ń ṣe bíìtì fún àwọn ẹlòmíràn báyìí. Ní àná, ó fi orin ọmọbìnrin kan láti Ìkọ̀lé ránṣẹ́ sí mi, ó ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kó tó fi ránṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrọ̀lẹ́ òní ni màá gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́.