Ẹ̀yin tíṣà tuntun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Standard Six dẹ́rù bà yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ tíṣà, ẹ máa gbọ́ ọ títí pé Standard Six ayé òyìnbó, ìyẹn kíláàsì tó kẹ́yìn ní pírámárì ìgbà náà, ju dìgírì ìsìnyí lọ. Ẹ rọra o. Kí ọmọ tó dé Standard Six nígbà yẹn, wọ́n ti já ọ̀pọ̀ dànù lọ́nà, owó iléèwé ò sí, bàbá fẹ́ kó wá sóko, ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ ni ò tíì lè gba orí kọjá kó kan etí òdìkejì, wọ́n á ní kó padà sílé. Ìgbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955 lọmọ tó wà ní pírámárì ní Western Region lé ní 800,000, wọn ò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú.

Ohun kan wà tí wọ́n ṣe dáadáa ṣá. Ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, Aláwìíyé ti Ọdúnjọ ni wọ́n fi ń mọ̀wé kà. Tí wọ́n bá gòkè tán ni pàṣán àti fáìnì torí pé ọmọ sọ Yorùbá máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwa wá gba fáìnì yẹn, a gbé e wá sí nọ́sìrì, a fi Aláwìíyé sílẹ̀! Ọmọ ọdún 3, ẹ gbà mí.

Nígbà tí mò ń kàwé tíṣà ni mo ka nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo nǹkan fún ọdún 6, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ní tíṣà tiẹ̀ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn níbì kankan, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an wọ́n ṣe dáadáa. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì, wọ́n tún fagi lé e ní 2025, èyí ò ní kẹ́ ẹ dúró dè wọ́n.

Tọ́mọ bá ń fáìlì ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè yẹn ní Yorùbá kẹ́ ẹ tó pè é ní olódo, torí ọmọ yìí kan náà ló ń bá ìyá ẹ̀ tajà nírọ̀lẹ́ tó ń fún kọ́sítọ́mà ní ṣéńjì tí ò ṣìnà. Tí pùròpúráítọ̀ bá ń pariwo pé ẹ ń sọ Yorùbá, ẹ kó máàkì àwọn ọmọ lọ bá a, ìyẹn lòbí ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.